Àpótí Tí Ó Fi Ohùn Ìyá Bọ́sẹ̀dé Sọ̀rọ̀

Láyé ìgbà tí àwa ará Ìjerò ṣì ń bá wọn pe ara wa ní ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkàn yóò gbọ́ ohùn Christiana Fágbèmí kó tó gbọ́ ohùn dùùrù. Kì í ṣe ohùn olóyin. Ó há díẹ̀ nísàlẹ̀, bíi ti ẹni tó ti pariwo kan rí tí ọ̀fun rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́ láti ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé orin, gbogbo ìjọ ló ń tẹ̀ lé e. Àgbẹ̀ ni. Opó ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn ni Bọ́sẹ̀dé, tó lọ kàwé ní Ifẹ̀ tí kò sì padà, torí wọ́n gbà á síṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà yunifásítì.

Bọ́sẹ̀dé kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé ilé àwọn ní àwọn ìbéèrè kan tí a kì í bi ìyá òun. Bí àpẹẹrẹ, bàbá rẹ̀ fi oko ńlá kan sílẹ̀ lọ́nà Ayétòrò, ilẹ̀ tó ń mú uṣu jáde bí orí ènìyàn, síbẹ̀ ìyá rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Oko tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ló ń dá. Bí Bọ́sẹ̀dé bá bi í, yóò ní, "Ibẹ̀ jìn." Ibẹ̀ kò sì jìn.

Nígbà tó yá, nǹkan kan hù sí Christiana lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n lo àgbo, wọ́n gbàdúrà, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà pe Bọ́sẹ̀dé sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní bí àwọn bá fẹ́ kí ìyá náà wà láàyè, àwọn ní láti yọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Yóò máa mí, yóò máa jẹun, ṣùgbọ́n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́.

Bọ́sẹ̀dé kò sunkún. Ó padà sí Ifẹ̀, ó yá rédíò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì wọkọ̀ wá sílé kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

"Màmá, ẹ jókòó. Mo fẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ sínú èyí."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ omi. Ẹ kí ènìyàn. Ẹ sọ pé ó tọ́, pé kò tọ́. Màá kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ohùn tiyín gan-an ni yóò jáde."

Ìyá náà wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín. "Àfi kí n má tíì kú tán kí iwin mi ti máa sọ̀rọ̀."

"Màmá!"

"Ó dáa, ó dáa. Tẹ̀ ẹ́."

Ó sọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Omi." Ó ní, "Ọmọ mi." Ó ní, "Ó tọ́," ó ní, "Mo ń bọ̀," ó ní, "Ẹ ṣọ́ra." Nígbà tó kan èyí tó jẹ mọ́ ilé, Bọ́sẹ̀dé ní kó sọ pé "Mo fẹ́ lọ sílé," ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní ta ló ń jẹ́ ilé, ulé ni òun ń lọ. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àfi ìgbà tí wọ́n dé orí "Máa bọ̀," èyí tí yóò máa fi pe ènìyàn. Ìyá náà la ẹnu, ó tún pa á dé.

"Fi ìyẹn sílẹ̀."

"Ẹ ó máa nílò rẹ̀. Báwo lẹ ó ṣe máa pe Ìyá Àyìnkẹ́ láti ìta?"

Christiana yí ojú sí ojú fèrèsé. Nígbà tó wá sọ ọ́, kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe aládùúgbò. Ó fà á gùn, ó gbé e sókè, bí ẹni pé ẹni tó ń pè wà lókèèrè. Bọ́sẹ̀dé rò pé ìyá òun fẹ́ kó hàn ketekete ni. Kò ní kó tún un sọ.

Ní Ifẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti mú bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà kékeré kan bọ̀ láti òkè òkun, kò sì rí nǹkan fi í ṣe. Ó ta Bọ́sẹ̀dé lọ́rẹ. Kò tóbi ju ìwé orin lọ. Kò ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n, kò ní ibi tí ènìyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ sí, kò sì ní ọpọlọ tó tó láti tún ara rẹ̀ kọ́ ní nǹkankan. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, orí ẹ̀rọ ńlá ni yóò ti kọ gbogbo ìlànà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá yóò tú u sí èdè tí ẹ̀rọ kékeré gbọ́, wọn yóò kó o sínú áísì kan, ìyẹn ègé dúdú kékeré tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ, wọn yóò sì ki áísì náà bọ inú bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí wọ́n bá kó sí i nínú nìkan ni yóò mọ̀ láyé.

Títú èdè náà ni iṣẹ́ tó le jù. Ohun tí Bọ́sẹ̀dé ní lọ́wọ́ láti fi tú u, kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù yìí gan-an, ti bọ́ọ̀dù mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni. Èdè àwọn méjèèjì sún mọ́ra bí èdè Ìjerò ṣe sún mọ́ ti Ẹ̀fọ̀n: wọ́n á gbọ́ra wọn yé lọ títí, wọ́n á wá dé ibìkan tí ọ̀rọ̀ kan náà á já sí nǹkan mìíràn. Níbi tí nọ́ńbà méjì bá ti so pọ̀ láti fi ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ hàn, ìbátan yẹn ń kà á láti ọ̀tún, bọ́ọ̀dù tirẹ̀ ń kà á láti òsì. Bọ́sẹ̀dé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń fi ọwọ́ yí wọn padà níkọ̀ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́, ariwo bí ẹni ń ya aṣọ ló jáde. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ sọ pé "Omi" lórí tábìlì nínú yàrá kọ̀ǹpútà, ó hàn gedegbe. Ìgbà yẹn ni Bọ́sẹ̀dé tó sunkún.

Samson káfíńtà ní Ìjerò ló kan àpótí rẹ̀. Bọ́sẹ̀dé ya àwòrán sí ara bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, nítorí ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Lọ́jọ́ tó gbé e kalẹ̀, Christiana ti ti ilé ìwòsàn dé, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ó tẹ àwòrán ọwọ́ méjì. Àpótí ní, "Ẹ ṣeun." Àwọn ènìyàn tó wà níbẹ̀ pariwo. Ìyá Àyìnkẹ́, aládùúgbò wọn, sá jáde, ó tún padà wọlé, ó ń fọwọ́ nu ojú. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ìlú ti ń yà wá gbọ́ ohùn tí wọ́n rò pé ó ti lọ. Nǹkan lọ déédéé títí òjò fi dá.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ó bo gbogbo orí òkè débi pé ojú kò rí ju ìdí igi iwájú ilé lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo ènìyàn wà lóko, àdúgbò pa rọ́rọ́, ewúrẹ́ pàápàá sùn. Christiana jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ìyá Àyìnkẹ́ wà nídìí ìkòkò tirẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà. Àpótí wà lórí fèrèsé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Àpótí náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ... tọ́... ṣọ́." Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Máa bọ̀."

Igbá ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Christiana. Ìyá Àyìnkẹ́ ní ojú rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó ní ńṣe ló dà bí ojú ẹni tó ń fetí sílẹ̀ bóyá ẹlòmíràn yóò dáhùn.

Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wà láàrin orí. Ìyá Àyìnkẹ́ rán awakọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà pé kó bá òun ránṣẹ́ dé Ifẹ̀. "Ẹ sọ fún Bọ́sẹ̀dé kó wá. Àpótí rẹ̀ ń pe ẹni tí a kò mọ̀, ìyá rẹ̀ kò sì jẹun."

Bọ́sẹ̀dé wọkọ̀. Bí wọ́n ti ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ọyẹ́ bo ọ̀nà, awakọ̀ tan iná mọ́tò lọ́sàn-án gangan, ó ń fun fèrè ní gbogbo kọ́nà. Bọ́sẹ̀dé ń ro inú ìlànà tó kọ, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti lè jáde. Kò rí i. Kò gba orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ní ti ọgbọ́n orí, Ìyá Àyìnkẹ́ ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá Aramọkọ, ó ti ń sọ fún awakọ̀ pé kó yára.

Nígbà tó délé, ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Gbogbo wọn dáhùn bó ṣe yẹ. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan. Ọ̀sán pọ́n. Nǹkan kan ta pà nínú pákó àpótí. Ohùn ìyá rẹ̀ wá jáde, ó há nísàlẹ̀, ó lọ́ra, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́ láàrin, síbẹ̀ orúkọ ni. Orúkọ ènìyàn ni.

"Ọmọ... tọ́... ṣọ́. Máa bọ̀."

Bọ́sẹ̀dé yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá. Ta ni Ọmọ́tọ́ṣọ́?"

Christiana na ọwọ́. Kò ṣi bọ́tìnnì tẹ̀.

"Ọmọ mi," ni àpótí wí.

Bọ́sẹ̀dé dìde kúrò níbẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fádípẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó kù nínú àwọn àgbà ilé wọn. Bàbá náà ń pọ́n àdá lórí òkúta níwájú ilé. Bọ́sẹ̀dé kò tíì jókòó tó fi bi í léèrè ẹni tó ń jẹ́ Ọmọ́tọ́ṣọ́. Bàbá Fádípẹ̀ gbé àdá sílẹ̀.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ kò lẹ́nu."

"Àpótí ló sọ ọ́, bàbá, pẹ̀lú ohùn wọn."

Bàbá náà rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́lòmíràn nítòsí. Ó ní ọmọkùnrin kan wà kí wọ́n tó bí Bọ́sẹ̀dé. Kò tíì ju ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé labalábá lọ. Wọ́n wà ní oko Ayétòrò, Christiana lọ pọn omi nísàlẹ̀ odò, ó fi ọmọ sí abẹ́ ahéré. Ọ̀sán gangan ni. Nígbà tó dé, kò bá a. Wọ́n wá a, ọdẹ wá a, gbogbo ará ilé wa tú síta. Wọn kò rí aṣọ, wọn kò rí ipa ẹsẹ̀.

"Ìyá rẹ gun orí àpáta tó wà níbẹ̀. Ó ń pè é. Ọmọ́tọ́ṣọ́, máa bọ̀. Ọmọ́tọ́ṣọ́, máa bọ̀. Ó pè é títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti há, kò là mọ́. Àwa àgbà ló ní kó dákẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní kó dákẹ́?"

Bàbá Fádípẹ̀ wo àdá. "Torí pé nǹkan ti ń dáhùn, ọmọ mi. A kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà ni."

Bọ́sẹ̀dé padà sílé, ó tú àpótí. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù nílò nǹkan tí yóò fi ọwọ́ mú. Ó sì rí i. Ọyẹ́ ti fa pákó Samson gbẹ, pákó náà ti fún mọ́ra, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá wá kàn án, yóò tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí bọ́tìnnì méjì ń lọ nínú ìlànà náà, ó gbàgbé láti yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Bọ́ọ̀dù wá ń kà á sódì, ó ń já bọ́ sí àárín ọ̀rọ̀, ó ń gé wọn lábọ̀. Ó gé "ọmọ" kúrò lára "Ọmọ mi." Ó gé "tọ́" kúrò lára "Ó tọ́." Ó gé "ṣọ́" kúrò lára "Ẹ ṣọ́ra." Ó wá mú "Máa bọ̀" lódindi. Gbogbo rẹ̀ ló yé e. Ohun kan ni kò yé e, ìyẹn ni pé nínú gbogbo wẹ́wẹ́ tó lè já bọ́ sí, kí ló dé tó jẹ́ àwọn yẹn, kí ló sì dé tí wọ́n fi tò báyìí.

Ó ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé àṣìṣe òun ni, pé òun yóò tún un ṣe ní Ifẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ dópin. Ó wá dìde, ó so ìborùn, ó gbé àpótí, ó tọ́ka sí ọ̀nà Ayétòrò.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Àpótí ní, "Ó tọ́."

Wọ́n jọ lọ. Oko náà ti di igbó, ahéré ti wó, ṣùgbọ́n Christiana kò bèèrè ọ̀nà. Àpáta náà wà níbẹ̀, ó dúdú, ó gbòòrò, òkè mìíràn sì dojú kọ ọ́ láti ìkọjá odò, ọyẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹyẹ kan kò ké. Bọ́sẹ̀dé ti ìyá rẹ̀ lẹ́yìn gùn ún. Christiana gbé àpótí kalẹ̀ sínú oòrùn, ó sì jókòó tì í. Wọ́n dúró títí àpáta fi gbóná lábẹ́ wọn. Nínú dídákẹ́ jẹ́ẹ́ yẹn, Bọ́sẹ̀dé gbọ́ pákó tó ta pà.

"Ọmọ... tọ́... ṣọ́. Máa bọ̀."

Ohùn náà kò lágbára, ẹ̀rọ kékeré ni. Ṣùgbọ́n ó kọjá odò. Ó pẹ́ díẹ̀, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí gbohùngbohùn pẹ́ lọ, òkè ìkọjá odò sì dá a padà láti inú ọyẹ́. Kò dá orúkọ padà. Ìdí ọ̀rọ̀ nìkan ló dá padà, ó kéré, ó tínrín, ohùn rẹ̀ kò há rárá.

"Máa bọ̀."

Bọ́sẹ̀dé di aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Gbohùngbohùn ni, ó sọ fún ara rẹ̀. Òkè Èkìtì wo ni kì í dá ohùn padà? Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbọ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀ wọ inú aṣọ funfun ọrùn. Ó fa àpótí mọ́ra. Ó wá bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ àtijọ́ sì jáde, ohùn ìyá tó ń dá ọmọ lóhùn láti ìdí ààrò.

"Mo ń bọ̀."

Òkè kò dáhùn mọ́. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́, ọyẹ́ sún díẹ̀, wọ́n rí igi lókè ìkọjá odò, igi lásán. Christiana nu ojú. Ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, Bọ́sẹ̀dé ló ń tẹ̀ lé e.

Bọ́sẹ̀dé bẹ̀rù ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ yẹn, ó rò pé ọ̀dọ̀ ọmọ tó sọnù ló fẹ́ lọ. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń wálé, ó ń wo ojú rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ń jẹun. Ìyá náà ń jẹun. Ó sanra díẹ̀. Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé mú áísì tuntun dé, èyí tó ti tún ṣe, ìyá rẹ̀ kò bá a jà, òun fúnra rẹ̀ ló di àpótí mú kó lè ki i bọ̀ ọ́. Samson fá ẹ̀gbẹ́ pákó. Àpótí náà kò pe ẹnikẹ́ni mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Bọ́sẹ̀dé kó áísì àtijọ́ lọ sí Ifẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó ki i bọ inú bọ́ọ̀dù mìíràn tó jẹ́ ìkejì rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀. Ariwo bí ẹni ń ya aṣọ ló jáde. Ó tún un tẹ̀. Ariwo yẹn náà ni. Ó tẹ̀ ẹ́ títí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi bi í kí ni ó ń wá. Ó ní òun kò wá nǹkankan. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì tún un dán wò mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí i láti ilé pé ìyá rẹ̀ ti ń ṣán oko Ayétòrò. Ó sáré wá. Ó bá a láàrin ebè, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ tí kò dá láti ọjọ́ tí ọmọ ti sọnù ti di mímọ́ títí dé ìdí àpáta. Ìyá Àyìnkẹ́ wà níbẹ̀ tó ń bá a gé èbù. Bàbá Fádípẹ̀ pàápàá wà lábẹ́ igi, ó ní òun kàn wá wò wọ́n ni. Christiana kò wo ìhà àpótí, ó ti gbé e sí abẹ́ òjìji kí oòrùn má bàá pa á. Ó fi ọwọ́ pe Bọ́sẹ̀dé, ó na ọkọ́ kejì sí i, ó sì tọ́ka sí ibi tí ebè kù sí.